Iṣan Tí Ìgbọ̀nwọ́ Há Mọ́, àti Iṣẹ́ Abẹ Tí A Fi Ń Tú U Sílẹ̀

Nínú àwọn iṣan ìmọ̀lára tó gba apá ènìyàn kọjá, ìyẹn àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ bá ẹran ara, tó sì ń gbé ìròyìn ooru, òtútù àti ìrora padà sí ọpọlọ, kò sí èyí tí ọ̀nà rẹ̀ léwu tó ti èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní iṣan ulnar. Láti ọrùn ni ó ti ń bọ̀, ó gba abíyá, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ ní ìhà inú apá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn ni ó gbà, nínú kòtò tóóró kan tó wà láàárín ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́ àti kókó eegun kékeré tó yọ síta ní ìhà tí ó kọjú sí ara. Ọ̀já líle kan ni ó bo kòtò náà, bí a bá sì yọ ọ̀já yìí kúrò, awọ ara nìkan ni ó kù tí ń dáàbò bò ó. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ṣèèṣì fi ibẹ̀ gbá etí tábìlì fi máa ń mọ ìtani kan tó sáré títí dé ọmọ-ńdinrín. Bí kòtò yìí bá wá ń fún iṣan náà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, fún oṣù tàbí fún ọdún, ìka méjì tó gbẹ̀yìn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, agbára ọwọ́ a sì máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní Ìpàpó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, àti ní àwọn ìlú tó yí i ká ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe jẹ́ iṣẹ́ tó ń ká ìgbọ̀nwọ́ kò tó ń nà án: àgbẹ̀ ń kọ ebè iṣu, ó ń fi àdá ṣán igbó, ahunṣọ ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí òfì, aránṣọ sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbàkígbà tí a bá ká apá, kòtò ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ a dín kù, ọ̀já tó bò ó a le sí i, iṣan tó wà nínú rẹ̀ a sì nà. Ẹni tó bá ń ká apá sábẹ́ orí sùn láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, tàbí tó ń gbé fóònù mọ́ etí fún wákàtí gbọọrọ, ń ṣe ohun kan náà sí iṣan yìí láìmọ̀. A kò lè tìtorí èyí sọ pé ọkọ́ ni ó ń fa àìsàn náà, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ dọjọ́ ogbó tí ìka wọn kò sì kú rí. Ohun tó dájú ni pé ibi tóóró tí a bá ń ká tí a sì ń tẹ̀ lé lórí láìsinmi máa ń tètè dá iṣan lágara, pàápàá lára ẹni tí kòtò rẹ̀ ti há láti ilẹ̀ wá, tàbí ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń ba iṣan rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ti mọ àìsàn yìí pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní orúkọ. Ní ọdún 1957, Geoffrey Osborne, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Liverpool, ṣàlàyé ọ̀já tó bo kòtò náà, ó sì fi hàn pé bí a bá gé e, ọwọ́ lè bọ̀ sípò. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀já yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Feindel àti Stratford ní Kánádà pe ìhámọ́ náà ní àìsàn ihò ìgbọ̀nwọ́, orúkọ tó sì dúró títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Nínú gbogbo ibi tí iṣan apá ti ń há, ibi ọrùn ọwọ́ nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ jù ú lọ.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Ọmọ-ńdinrín àti ìdajì ìka òrùka tó kọjú sí i ni yóò kọ́kọ́ máa kú, ní òru tàbí nígbà tí a bá ká apá, tí yóò sì tún lọ bí a bá na apá tí a sì gbọn ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kíkú náà kò ní lọ mọ́. Ìdìmú ọwọ́ a dẹ̀, ọkọ́ a máa yọ́ mọ́ni lọ́wọ́, bọ́tìnì ẹ̀wù a sì di ìjà. Níkẹyìn, ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ní ẹ̀yìn ọwọ́, a gbẹ, ibẹ̀ a sì jìn wọlé. Ọmọ-ńdinrín àti ìka òrùka a ká kò, wọn kò sì ní nà tán mọ́. Àyẹ̀wò kan tí Jules Froment, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ní ọdún 1915 kò gba ẹ̀rọ kankan: wọ́n a ní kí ènìyàn fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di bébà mú, wọ́n a sì gbìyànjú láti fà á yọ. Ẹni tí iṣan ulnar rẹ̀ ti rẹ̀ kò ní lè fi àtàǹpàkò títọ́ dì í mú. Ńṣe ni yóò ká oríkèé òkè àtàǹpàkò náà kó tó lè di bébà mú. Láti ọdún 1950 ni wọ́n ti ń lo ètò McGowan, tó pín àìsàn náà sí ìpele mẹ́ta: èyí tí ìka kàn ń kú nìkan, èyí tí ọwọ́ ti ń rẹ̀, àti èyí tí ẹran ọwọ́ ti gbẹ. Ìpele wọ̀nyí ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn ni ó ń sọ ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí a tó sọ̀rọ̀ abẹ, ohun kan wà tí oníṣègùn ní apá ibi tiwa kò gbọdọ̀ gbójú fò, ohun tí ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù kì í sábà mẹ́nu bà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iṣan ulnar, ní òkè ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, ni iṣan ńlá tí àrùn ẹ̀tẹ̀ máa ń kọlù jù nínú gbogbo ara. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn ibi tí ara tutù díẹ̀, ibẹ̀ sì wà nítòsí awọ; iṣan náà a wú, a nípọn, a sì máa dunni bí a bá fọwọ́ kàn án, ìka kan náà ni yóò sì máa kú, ẹran ọwọ́ kan náà ni yóò sì gbẹ. Ẹ̀tẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ní Uzuakoli, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, ni John Lowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn, ní òpin àwọn ọdún 1940, pé oògùn dapsone tí a ń gbé mì lè wò ó; ní ọdún 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá àbá àpapọ̀ oògùn tí a ń lò títí di òní; ní ọdún 1998 sì ni Nàìjíríà, ní àpapọ̀, dé ìpele tí iye àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn. Síbẹ̀, aláìsàn tuntun ṣì ń yọjú lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ìka bá ń kú tí àbàwọ́n tó pọ́n díẹ̀ tàbí tó mọ́lẹ̀ ju awọ yòókù lọ, tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn, bá wà lára, oògùn ẹ̀tẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fúnni. Bí iṣan bá ń wú nínú ẹ̀tẹ̀, oògùn prednisolone tó ń pa ìwú náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí àìlera iṣan náà kò bá tíì ju oṣù mẹ́fà lọ. Abẹ lè tẹ̀ lé e bí ọyún bá gbá jọ sínú iṣan tàbí bí ìrora kò bá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ gé ọ̀já ìgbọ̀nwọ́ ẹlẹ́tẹ̀ láìfún un ní oògùn ti gba ìparí ọ̀rọ̀ wọlé.

Ohun kejì tó jẹ́ ti agbègbè wa ni eegun ìgbọ̀nwọ́ tí ó ti ṣẹ́ nígbà èwe. Ọmọdé a jábọ́ lórí igi máńgòrò, eegun ìhà òde ìgbọ̀nwọ́ a sì ṣẹ́. Bí ó bá ti jẹ́ pé ohun rírọ̀ tí kò tíì di eegun tán ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwòrán ẹ́síréè pàápàá kì í fi í hàn dáadáa, ó sì sábà máa ń gba kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dè é nílé ìwòsàn. Àwọn tó ń to eegun ní ìbílẹ̀ ní ọwọ́ rere sí ọ̀pọ̀ eegun gígùn, ìlú sì gbẹ́kẹ̀ lé wọn láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ọ̀kan nínú eegun tí ìdè ọparun kò lè mú dúró. Bí kò bá so, apá ọmọ náà a máa tẹ̀ síta bí ó ti ń dàgbà, iṣan ulnar tó wà ní ìhà kejì a sì máa nà, a máa ha eegun, bí okùn ìfami ṣe ń ha etí kànga, títí di ọdún mẹ́wàá, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Panas, oníṣẹ́ abẹ ní Faransé, ti kọ nípa irú èyí láti ọdún 1878. Ẹni náà kò ní rántí ìṣubú náà mọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ni yóò rántí, ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ abẹ tó yan irú abẹ tó fẹ́ ṣe, ó yẹ kí ó béèrè.

Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣì wà ní ìpele àkọ́kọ́ kò nílò abẹ kankan lójú ẹsẹ̀. Kí ó yé fi ìgbọ̀nwọ́ ti nǹkan, kí ó dín kíká apá fún ìgbà pípẹ́ kù, kí ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìgbọ̀nwọ́ ní alẹ́, láìfún un jù, kí apá má baà ká nígbà tó bá ń sùn: ìtọ́jú tí kò náni ju sùúrù lọ nìyí, ó sì ti tó fún ọ̀pọ̀ aláìsàn láàárín oṣù mélòó kan. Ìjàǹbá wà nínú kí wọ́n máa fi ọwọ́ líle ra ibẹ̀ tàbí kí wọ́n máa gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́, nítorí pé iṣan náà kò jìnnà sí awọ. Bí sùúrù yìí kò bá ràn án, tàbí bí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ tó rọrùn jù ni láti tú iṣan náà sílẹ̀ níbi tó wà láìgbé e kúrò. Oníṣẹ́ abẹ a la awọ ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, a gé ọ̀já Osborne, a sì tẹ̀ lé iṣan náà sókè àti sísàlẹ̀, nítorí pé ó lè há ní ibòmíràn bákan náà: ní apá òkè, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí orí kókó eegun, àti ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti wọ àárín ẹran apá. Kò pọn dandan kí aláìsàn sùn lọ; abẹ́rẹ́ tó ń pa ìmọ̀lára apá nìkan ti tó, ó sì lè padà sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń lo ẹ̀rọ ìwòran tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ inú kí ojú abẹ má baà gùn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń gé. Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni awọ, nítorí pé okùn ìmọ̀lára kékeré kan gba ibẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣèèṣì gé e, ojú àpá á máa dunni, awọ ìhà ibẹ̀ á sì kú.

Iṣẹ́ abẹ kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n a gbé iṣan náà kúrò nínú kòtò ẹ̀yìn, wọ́n a sì gbé e lọ sí iwájú kókó eegun, kí kíká apá má lè nà án mọ́. Curtis ni ó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1898, lábẹ́ awọ àti ọ̀rá ni ó sì gbé e sí. Ní ọdún 1918, Alfred Adson ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé e sínú ẹran apá. Ní ọdún 1942, James Learmonth, ọmọ Scotland tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọba George VI lẹ́yìn náà ní 1949, gbé e sí abẹ́ ẹran náà pátápátá, níbi tí ó ti ní ààbò jù, ṣùgbọ́n níbi tí abẹ ti jinlẹ̀ jù tí apá sì ti ń pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Iṣẹ́ abẹ kẹta, tí King ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1950, fi iṣan sílẹ̀, ó sì gé díẹ̀ nínú kókó eegun náà fúnra rẹ̀, kí ohun tí iṣan ń ha má sí mọ́. Bí wọ́n bá gé e jù, oríkèé ìgbọ̀nwọ́ lè máa mì.

Ó máa ń dà bí ẹni pé abẹ tó tóbi ni yóò gba ènìyàn là jù, àwọn ẹbí aláìsàn sì sábà máa ń rò bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kò gbà. Ní Netherlands, Bartels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 152, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, àwọn tí wọ́n tú iṣan wọn sílẹ̀ lásán àti àwọn tí wọ́n gbé iṣan wọn lọ sí iwájú lábẹ́ awọ. Ìwòsàn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìṣòro lẹ́yìn abẹ dé bá nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, nígbà tí ó dé bá nǹkan bí 31 nínú 100 àwọn tí wọ́n gbé iṣan wọn. Àwọn àtúnyẹ̀wò tí ó ko oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀ lẹ́yìn náà sọ ohun tó jọ èyí, wọ́n sì fi kún un pé egbò máa ń kẹ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbé iṣan wọn. Nítorí náà, fún aláìsàn tí eegun rẹ̀ kò ní àbùkù, títú lásán ni ó yẹ kó ṣáájú, pàápàá fún ẹni tó ń padà sí abúlé, tí ilé ìwòsàn ńlá sì jìnnà sí i bí egbò bá kẹ̀. Gbígbé iṣan lọ síwájú ní ipò tirẹ̀: bí iṣan bá ń fò jáde kúrò nínú kòtò nígbàkígbà tí a bá ká apá, bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti wọ́ láti ìgbà èwe bí a ti sọ, tàbí bí títú lásán bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni ó mú kí ìbéèrè nípa ìṣubú ọmọdé yẹn ṣe pàtàkì ní Òkè-Ògùn ju ní Amsterdam lọ.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó lè ṣe é wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwòsàn àwọn eegun tó wà ní Ìgbóbì, ní Èkó, ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú ogun àgbáyé kejì ń padà bọ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1957, ní ọdún 1962 sì ni Látúndé Odéku, ọmọ Àwẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti iṣan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Láti Ìpàpó, ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn kọjá, ìrìn àjò náà kò sì jẹ́ ìrìn àjò òkèèrè. Ohun tó ń fa ìdádúró ni pé ìka tó kú kì í dunni bí egbò, àgbẹ̀ a sì máa sọ pé kí òun kó iṣu tán ná.

Ìdádúró yẹn ni ó ń náni jù. Iṣan tó bá ti bàjẹ́ máa ń hù padà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mìlímítà kan ni ó ń hù lójoojúmọ́, ọ̀nà tó wà láti ìgbọ̀nwọ́ dé àwọn ẹran kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lára àgbàlagbà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ẹran tí iṣan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kì í gba àṣẹ mọ́, bí iṣan tilẹ̀ wá dé lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, ẹni tí ẹran ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ kó tó dé ilé ìwòsàn lè rí i pé kíkú ìka àti ìrora lọ lẹ́yìn abẹ, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ kò padà tán. Nínú oṣù àkọ́kọ́, ohun tó kù fún aláìsàn ni kí egbò jiná, kí ó máa na apá kí ó sì máa ká a díẹ̀díẹ̀ kí oríkèé má baà gan, kí ó sì jẹ́ kí ọkọ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Fún ẹni tó pẹ́ jù, ọ̀nà méjì ṣì ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun: wọ́n a mú ẹ̀ka iṣan mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹran kan nítòsí ọrùn ọwọ́, wọ́n a sì rán an mọ́ iṣan ulnar níbẹ̀, kí àṣẹ má baà ní láti rìn láti ìgbọ̀nwọ́ wá. Ó gba ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí gan-an, ó sì gba kí ẹran ọwọ́ má tíì kú tán. Èkejì ti pẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́tẹ̀ ni ó sì ti dàgbà. Paul Brand, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó dé Vellore ní Íńdíà ní ọdún 1946, bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn ẹran tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa rọ́pò èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́: á gba okùn tó ń ká ìka kan, ìka tó ní òmíràn tí ó tún ń ká a, á sì pín in fún àwọn ìka tó ká kò, kí wọ́n lè nà kí wọ́n sì di nǹkan mú. Lẹ́yìn abẹ, aláìsàn a ní láti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tuntun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ọpọlọ kò mọ̀ pé okùn náà ti yí iṣẹ́ padà. Ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ há iṣan rẹ̀ mọ́ ń jàǹfààní rẹ̀ bákan náà. Ìmọ̀lára ìka kò padà nípasẹ̀ rẹ̀, nítorí náà, ẹni tí wọ́n ṣe é fún ṣì ní láti máa fi ojú wo ìka rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná.